Síìlì tó ń jo léraléra: ẹ yẹ bírídà wò kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Ẹnjiníà. Olùkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Toyota Camry ọdún 2000, ẹlẹ́ńjìnì 2.2, ni mò ń wà. Ó ti tó ọdún kan tí ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ láàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì. Mẹkáníìkì mi ti sọ gíá kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì, kò sì pé oṣù méjì tí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í jo. Nígbà míì, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá rí i pé géèjì ọ́ìlì ti yọ sókè fúnra rẹ̀. Nǹkan funfun kan tún máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì gbà. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnì ti gbó, kí n lọ ra tòkunbọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mọlípà ni mò ń gbé, ilé-ìwé mi kò sì jìnnà sílé."

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá wa, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnì kankan. Ohun mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, síìlì tuntun tó tún ń jo, géèjì tó ń yọ sókè, àti nǹkan funfun abẹ́ ìdérí, ibì kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Èéfín ti há sínú ẹ́ńjìnì yín, kò rí ọ̀nà jáde, torí bírídà, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì ń gbà mí èéfín inú rẹ̀ jáde, ti dí. Ó ṣeé ṣe kí ríǹgì náà ti jẹ díẹ̀, ọkọ̀ ọdún 2000 ti dàgbà. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, síìlì sì ni làpálàpá tí ẹ ti ń pa láti ọdún kan.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí pẹtiróòlù bá gbiná lórí písítìnì, agbára iná yẹn ló ń ti písítìnì wálẹ̀. Ríǹgì tó yí písítìnì ká ló ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kí èéfín má bàa yọ́ kọjá. Àmọ́ kò sí ríǹgì tó lè ṣọ́ ọ tán, ìbáà jẹ́ ti ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-iṣẹ́. Díẹ̀ nínú èéfín náà á bọ́ sísàlẹ̀, níbi tí kíráǹkì ti ń yí láàárín ọ́ìlì. Èéfín yìí kò sì dá lọ síbẹ̀, ó ń gbé pẹtiróòlù tí kò jóná tán dání, ó sì ń gbé oru omi dání. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé omi máa ń jáde nínú pẹtiróòlù tó bá jóná: lítà kan tí ẹ́ńjìnì bá jó, omi tó ń ti ibẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Èyí tó pọ̀ jù ń gba inú sàlẹ́ńsà lọ, òun ni ẹ máa ń rí tó ń kán ní ẹnu ẹgisọ́ọ̀sì láàárọ̀. Ìyókù ń bá èéfín wọ inú ọ́ìlì.

Láyé àtijọ́, páìpù kan ni wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì tí á tú gbogbo rẹ̀ dà sí títì lábẹ́ ọkọ̀. Ìgbà tí èéfín ọkọ̀ bo ìlú Los Angeles mọ́lẹ̀ ni ìjọba California ní kí ọkọ̀ tuntun ti ọdún 1961 máa dá èéfín yẹn padà sínú sílíńdà kó lè jóná níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1963, ọkọ̀ tuntun káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń lò ó. Torí afẹ́fẹ́ ìgboro ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì jàǹfààní ńlá níbẹ̀, torí oru omi àti pẹtiróòlù kì í pẹ́ nínú ọ́ìlì mọ́ kí wọ́n tó fà á kúrò.

Lórí ẹ́ńjìnì yín, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 5S, họ́ọ̀sì méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ti ara páìpù ńlá tó ń bọ̀ láti ẹ́à-fílítà wá sórí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí tó bo orí ẹ́ńjìnì. Òun ló ń gbé atẹ́gùn mímọ́ wọlé. Ìkejì ti orí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà yẹn kan náà lọ sí mánífóòlù, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú sílíńdà. Òun ló ń fa èéfín jáde. Ìdí họ́ọ̀sì kejì yìí ni fáàfù kékeré kan wà, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú rọ́bà tó wà lórí kọ́fà. Òun là ń pè ní PCV. Abẹ́rẹ́ irin kan àti sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mánífóòlù máa ń fà gan-an, abẹ́rẹ́ á súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, á jẹ́ kí díẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ń gun òkè, fífà yẹn á rọlẹ̀, èéfín á pọ̀ sí i, sípíríǹgì á sún abẹ́rẹ́ sẹ́yìn kí ọ̀nà lè gbòòrò. Bí iná bá ta padà láti mánífóòlù, abẹ́rẹ́ náà á dé ọ̀nà pa kí iná má wọ inú ẹ́ńjìnì lọ bá ọ́ìlì.

Ẹ wá wò ó bí abẹ́rẹ́ yẹn bá lẹ̀ mọ́ ojú kan, tàbí tí họ́ọ̀sì dí. Èéfín kò ní tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúró, gbogbo ìgbà tí písítìnì bá wálẹ̀ ló ń wọlé. Yóò kọ́kọ́ gba họ́ọ̀sì atẹ́gùn mímọ́ padà lọ sí ẹ́à-fílítà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ọ́ìlì nínú páìpù ẹ́à-fílítà ọkọ̀ tí bírídà rẹ̀ ti dí. Bí ibẹ̀ náà bá ti dí, yóò ti géèjì sókè. Lẹ́yìn náà, síìlì ló kàn. Ẹ mú síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì lọ́wọ́ kí ẹ wò ó: ètè rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, sípíríǹgì róbótó kan ló fún un mọ́ ara irin. Wọ́n ṣe é kó lè nu ọ́ìlì tó bá ta sí i lára padà sẹ́yìn. Wọn kò ṣe é kó máa dènà èéfín tó ń tì í láti inú. Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, kí ẹ ra ojúlówó, kí ẹni tó mọṣẹ́ jù ní gbogbo Ìjẹ̀bú bá yín tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí èéfín bá ṣì há, yóò jo. Ẹ má bá mẹkáníìkì yín jà, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Nǹkan funfun abẹ́ ìdérí yẹn ń fẹ́ àlàyé tirẹ̀, torí òun ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù. Omi àti ọ́ìlì tó pò pọ̀ ni, ó funfun, ó sì ki bí ògì. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí nìkan ló wà, tí ọ́ìlì orí géèjì ṣì mọ́ tàbí tó kàn dúdú lásán, tí omi rédíétọ̀ kò sì dínkù, oru omi tó há lókè ló ṣe é. Bí ọ́ìlì orí géèjì fúnra rẹ̀ bá ti di funfun, tí omi rédíétọ̀ sì ń lọ láìjò síta, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnì, ló jó. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà rárá títí wọn yóò fi yẹ ẹ́ wò.

Kí ló ń mú kó pọ̀ nínú ọkọ̀ yín? Ìdí méjì ni mo fura sí. Àkọ́kọ́ ni ìrìn kúkúrú. Láti Mọlípà sí ilé-ìwé tí kò jìnnà, kí ọ́ìlì tó gbóná débi tí oru omi á fi lè kúrò nínú rẹ̀, ẹ ti dé, ẹ ti pa ẹ́ńjìnì. Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ sì mọ̀ pé Ìjẹ̀bú wa kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin ni a ń mí símú, ẹ́ńjìnì náà sì ń mí in.

Ìdí kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá tẹ́mósítáàtì ṣì wà nínú ẹ́ńjìnì náà. Ó ti di àṣà lọ́dọ̀ wa pé bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, wọn á yọ tẹ́mósítáàtì sọnù, wọn á ní ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń dùn mí púpọ̀, torí ohun tí kò wọ́n ni wọ́n fi ń ba ohun tó wọ́n jẹ́. Tẹ́mósítáàtì 5S kì í ṣí títí omi á fi gbóná tó nǹkan bí 82 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ẹ́ńjìnì lè tètè gbóná, kó sì dúró síbi tó yẹ. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa yí kiri láti ìgbà tí ẹ bá ti sitáàtì, ẹ́ńjìnì kò ní gbóná tó rárá nínú ìrìn kúkúrú, omi inú ọ́ìlì kò ní gbẹ, pẹtiróòlù tí kò jóná náà kò ní kúrò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ́ìlì á di àtè dúdú, àtè yẹn ló ń lọ dí bírídà. Ẹ dá a padà. Bí ọkọ̀ bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ dá a padà, a jẹ́ pé rédíétọ̀ dí tàbí fáànù kò ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an sì ni ó yẹ kí wọ́n ti tún ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ dán an wò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì gbà. Ẹ mú náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ẹ tẹ́ ẹ lé ẹnu ihò náà, kí ẹnìkan sì fi pláyà rọra fún họ́ọ̀sì atẹ́gùn mímọ́ pa. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Bírídà tó ń ṣiṣẹ́ á fa náílọ́ọ̀nù náà wọlé díẹ̀, ẹ máa rí i tó tẹ̀ sínú ihò. Bí ó bá wú sókè, tàbí tí èéfín ń gbé e kúrò lẹ́nu ihò, ẹ ti rí ọ̀ràn tí à ń wá. Ẹ ṣọ́ra fún bẹ́líìtì àti fáànù, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè, ẹ má sì jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù bọ́ sínú ihò.

Ẹ tún lè fa fáàfù PCV yọ kúrò lórí kọ́fà pẹ̀lú họ́ọ̀sì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ó ń fa awọ ọwọ́ yín. Bí kò bá fà rárá, ibì kan ti dí láàárín fáàfù àti mánífóòlù. Àmọ́ ẹ rọra yọ ọ́ o. Rọ́bà tó dì í mú lórí kọ́fà ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ooru ti sè é gan, ó sì máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fi ipá fà á. Ìfọ́kù rẹ̀ á sì jábọ́ sínú tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Ẹ rọra yí fáàfù náà sọ́tùn-ún sósì títí á fi tú, ẹ ra rọ́bà tuntun sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣa gbogbo ìfọ́kù tẹ́lẹ̀ jáde.

Fífọ̀ rẹ̀ wá kàn. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ yọ fáàfù, ẹ yọ họ́ọ̀sì méjèèjì, ẹ sàmì sí ibi tí kálukú ti wá. Ẹ mì fáàfù náà létí yín. Èyí tó yè máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ló ń lu ara. Èyí tó dí kì í dún. Bí ẹ bá wo ẹnu rẹ̀, ẹ máa rí àtè dúdú tó ń dán, tó ti ṣù yí ká abẹ́rẹ́ débi pé ẹ ò ní rí irin mọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì nínú agolo mílíìkì fún wákàtí díẹ̀, ẹ máa mì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹrosíìnì á dúdú. Ẹ dà á nù, ẹ bu òmíràn. Bí ẹ bá ní kàbù kílínà tí wọ́n ń fọ́n, ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má lo pẹtiróòlù. Mo mọ̀ pé òun ni gbogbo mẹkáníìkì ń lò, ṣùgbọ́n iná tó ń sọ lára rẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́ púpọ̀, kẹrosíìnì sì ń ṣiṣẹ́ náà bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ fọkánáísà tó wà ládùúgbò, kó fi atẹ́gùn kóńpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹ wá dán an wò báyìí: ẹ so họ́ọ̀sì mímọ́ kan mọ́ apá tó ń wọ kọ́fà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbọ́dọ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́. Ẹ so ó mọ́ apá ti mánífóòlù, ẹ fẹ́ ẹ. Díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa kọjá. Bí ó bá kọjá bákan náà níhà méjèèjì, tàbí tí kò kọjá rárá, ó ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹnu fa atẹ́gùn láti inú rẹ̀ láé, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ léwu fún ara.

Tí ẹ bá bi mí, fífọ fáàfù ni ohun tí à ń ṣe láti mọ̀ pé òun ló fa wàhálà. Bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ ra tuntun. Owó rẹ̀ kéré sí owó iṣẹ́ ẹni tó máa sọ gíá kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ bá àwọn tó ń ta pááàtì, tàbí kí ẹ rán ẹni tó ń lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣin. Ẹ rí i pé ti 5S gan-an ni, nítorí fáàfù ẹ́ńjìnì mìíràn lè wọ inú rọ́bà yẹn síbẹ̀ kí ìwọ̀n atẹ́gùn tó ń gbà kọjá yàtọ̀, ọkọ̀ á wá máa gbọ̀n bó bá dúró. Ẹ mì ín kí ẹ tó sanwó. Tòkunbọ̀ kò dáa fún ohun báyìí, ara ẹ́ńjìnì àgbà bíi tiyín ni wọ́n ti tú u.

Fáàfù nìkan kọ́ ló ń dí o, ibí yìí sì ni iṣẹ́ ti máa ń kù-díẹ̀-káàtó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ tẹ̀lé họ́ọ̀sì PCV dé ibi tó ti wọ mánífóòlù. Ihò kékeré ibẹ̀ máa ń kó èédú tó le. Ẹ fi wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ tó rọ̀ rọra họ ọ́, ẹ má fi igi ọwọ̀ ṣe é, torí yóò kán sínú rẹ̀. Ẹ fi èékánná yọ èédú tó bá jáde, kí ẹ sì fi àkísà nu ún kí ó má baà wọlé. Họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, torí kẹrosíìnì àti kàbù kílínà máa ń mú kí rọ́bà wú kó sì rọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀, ẹ sá a sóòrùn títí tí kò fi ní sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Bí ó bá ti ń dápàá, tàbí tí ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó máa ń pa ara pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá fà á, ẹ ra tuntun tó jẹ́ ti epo àti ọ́ìlì. Họ́ọ̀sì omi rédíétọ̀ kò ṣe é lò níbẹ̀.

Bí àtè bá pọ̀ gan-an, ẹ ní láti sọ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà kalẹ̀. Ní abẹ́ rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń dènà kí ọ́ìlì má bá èéfín jáde, ẹ̀yìn irin yẹn sì ni àtè máa ń kó sí níbi tí ojú kò lè rí i. Ẹ rẹ kọ́fà náà sínú kẹrosíìnì di ọjọ́ kejì, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, àti rọ́bà róbótó tó yí ihò púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Bí àwọn yẹn bá ti gbó ni ọ́ìlì ṣe máa ń kún ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ ṣọ́ bí mẹkáníìkì ṣe ń fi gọ́ọ̀mù. Díẹ̀ ní igun tó yẹ ló tó. Èyí tó bá pọ̀ jù á yọ sínú, á já bọ́ sínú ọ́ìlì, á sì lọ bá sítírénà ìsàlẹ̀, ìyẹn asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá.

Nígbà tí ẹ bá ti tò ó pọ̀ tán, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà lọ́jọ́ náà. Ẹ lo 10W-30, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ́ìlì tó ki jù ló máa dá jíjò dúró. Kò ní ti èéfín jáde fún yín, ó sì máa pẹ́ kó tó dé òkè ẹ́ńjìnì láàárọ̀. Ẹ má lo oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì láti fọ ẹ́ńjìnì lójijì. Nínú ẹ́ńjìnì tí àtè ti pọ̀ bíi tiyín, oògùn yẹn lè tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó lọ ṣù mọ́ sítírénà, iná ọ́ìlì á tàn, ẹ́ńjìnì á sì nọ́ọ̀kì. Ẹ kàn lo ọ́ìlì tó dáa, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní bíi 1,500 kìlómítà, lẹ́yìn náà ní 1,500 mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ́ìlì mímọ́ á máa fọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gbé e jáde sí òpópónà márosẹ̀, ẹ wà á dé Ṣàgámù kí ẹ padà, tàbí Ìbàdàn bí ẹ bá ní iṣẹ́ níbẹ̀, kí ọ́ìlì lè gbóná dáadáa fún àkókò tó gùn. Ìrìn bẹ́ẹ̀ wúlò fún un ju kí ẹ máa jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan níwájú ilé.

Àwọn àtúnṣe kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà. Bí wọ́n bá ní kí àwọn yọ họ́ọ̀sì bírídà kí ó máa tú síta, ẹ kọ̀. Ó lè dín jíjò kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń fa oru omi kúrò mọ́, àti nígbà ọyẹ́, eruku á máa gba ibẹ̀ wọ inú ọ́ìlì. Bákan náà ni ti àwọn tó ń so ìgò ike mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì láti gba ọ́ìlì. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n fi bóòtù dí họ́ọ̀sì PCV pa nítorí pé ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló ń pa síìlì. Bí ó bá ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ fáàfù ti há sí ojú ṣíṣí, fáàfù tuntun ló sì ń tọ́jú ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ibi tí ẹ máa wá a ló yàtọ̀. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, ìdérí ńlá tí a ń bu ọ́ìlì gbà ni bírídà rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wáyà wà nínú rẹ̀, họ́ọ̀sì sì ti ibẹ̀ lọ sí ẹ́à-fílítà. Ẹ rẹ ìdérí náà sínú kẹrosíìnì, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ, ó parí. Nítorí pé ó hàn sójú báyìí ni àwọn ọ̀gá àtijọ́ ṣe máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ láti fọ̀ ọ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń ṣe sáfíìsì. Camry fi tirẹ̀ pa mọ́, a sì gbàgbé rẹ̀. Volvo 240 ní ike róbótó kékeré kan lábẹ́ mánífóòlù tó ń dènà iná, ihò inú rẹ̀ kéré púpọ̀, ó sì máa ń tètè dí. Bí ẹ bá ní Volvo yẹn tí síìlì ẹ̀yìn rẹ̀ ń jo, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Nípa síìlì tó ń jo lọ́wọ́lọ́wọ́, ìyá wa, ẹ má sọ gíá kalẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ ṣe bírídà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ fọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì mọ́, kí ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí síìlì náà kò bá tíì ya, jíjò á dínkù tàbí kó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tòótọ́ ni ìyẹn máa jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Bí náílọ́ọ̀nù bá ṣì ń wú lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ ríǹgì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn kọ́mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó, nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níta, ẹsẹ̀ lórí tọ̀rọ́tù délẹ̀. Èyí tó dáa lórí 5S tó nǹkan bí 178 psi. 142 ni òpin ìsàlẹ̀, kò sì yẹ kí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì ju 14 lọ. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, kí wọ́n da ṣíbí tíì kan ọ́ìlì sínú rẹ̀ láti ihò púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gòkè, ríǹgì ni. Bí kò bá yí padà, fáàfù orí ẹ́ńjìnì ni, iṣẹ́ ìyẹn sì yàtọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀kíní àti èyí tí wọ́n wọ̀n lẹ́yìn ọ́ìlì, kí ẹ sì sọ bóyá wọ́n bá tẹ́mósítáàtì nínú ẹ́ńjìnì náà.